Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Kúnlẹ̀ fún Ọ̀pá Wúrà

Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn? Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Wọ́n gbé ọ̀pá wúrà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nínú tẹlifíṣọ̀n, mo tẹrí ba lórí àga mi níbí, ẹ wá ń gbá ara yín lẹ́yìn, ẹ ní, "Nana ń kí tẹlifíṣọ̀n." Ìwọ Asíà lo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ. Mo ti sọ fún ẹ, má pè mí ní Nana, ìyá àgbà ni kó o máa pè mí. Nana ni ìyá àwọn ará ilé kejì... Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù. Ẹ jókòó. Ẹni tó nasẹ̀ síwájú mi yẹn, kó ká ẹsẹ̀ ẹ̀ kò.

Ìgbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo ń ru abọ́ tánganran láti Fante New Town ní Kumasi níbí dé ọjà Race Course láìsinmi lọ́nà, mo fojú mi méjèèjì rí ọ̀pá yẹn. Kì í ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n o. Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí. Bí mo bá parọ́, kí Ọlọ́run bi mí.

Ìyá mi ni mo bá lọ. Ẹ̀yin ò bá a láyé. Hájíà Ràbíátù, ọmọ Pàkátà n'Ílọrin. Obìnrin kúkurú, ohùn ẹ̀ kì í ròkè, àmọ́ bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Àwọn Àṣáńtì àdúgbò wa ń pè é ní Maame Alata, torí Alata ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá nígbà yẹn. Kì í ṣe èébú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é. Àmọ́, ẹ gbọ́, orúkọ tó ń rán èèyàn létí pé ibòmíràn ló ti wá, bó ti wù kó dùn tó, o máa ń gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìyá mi ń gbọ́ ọ. Kò kàn ń sọ ni.

Kí ló dé tó ń gbọ́ ọ? Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Bàbá wa kú sí Kumasi, wọ́n sin ín sí Tafo. Kò pẹ́ sí i, ìjọba ìgbà yẹn ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa kó lọ sílé wọn. Ẹ̀yin, nínú ìtàn lẹ ti gbọ́ ọ. Èmi jókòó lórí ẹrù nínú lọ́rì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, ìyá mi rìn lọ sídìí sàréè bàbá wa, ó ní, "Bàbá Sálíù, mo ń bọ̀." Bí ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀! Àwọn oníbàárà ẹ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, wọ́n di ìdí aṣọ ẹ̀ mú. Àmọ́ ọkùnrin kan wà níbẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n rí, kò mọ̀ wá rí, ó ń fi ọwọ́ gbá ara lọ́rì, ó ń kígbe pé, "Ọ̀họ̀họ̀, máa lọ! Ọ̀họ̀họ̀, máa lọ!" Ẹ gbọ́ Twi jù mí lọ. Àlejò, máa lọ... Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn títí di òní.

A dé Ìlọrin. Ọdún mélòó kan kọjá. Lọ́jọ́ kan ìyá mi di ẹrù ẹ̀, ó ní òun ń padà lọ bá ọkọ òun. Àwọn ará ilé ní, "Ọkọ wo?" Ó ní, "Èyí tó wà ní Tafo." Wọ́n ní orí ẹ̀ ti ń yí. Ẹ̀gbọ́n mi Sálíù, àkọ́bí ẹ̀, ti wọ ilé kéwú nígbà yẹn, ó jókòó sí Ìlọrin, ó di áfà ńlá. Èmi ni mo bá ìyá mi padà síbí.

Hẹ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ìrẹsì sílẹ̀ fún adìyẹ, tẹ́ ẹ ń ní "kò dùn, kò dùn," ẹ tẹ́tí. Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, ìyàn mú. Òjò kọ̀. Iná jó oko. Ilé ìtajà ńlá, ẹ wọlé, kò sí nǹkan kan lórí pákó àfi eruku. Gbogbo èèyàn rù, egungun ọrùn yọ síta, àwọn Àṣáńtì tún fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Irú èèyàn wo nìyẹn? Mo fẹ́ràn wọn!

Ìyá mi kó gbogbo abọ́ tánganran tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìkòkò, ìdérí, àwo, ó fi gba jéró lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún. Mo ní, "Ìyá, kí la máa tà?" Ó ní, "Ta ló máa ra abọ́ nígbà tí kò rí nǹkan bù sínú ẹ̀?" Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó ń se kókó, ẹ̀kọ jéró, sínú agbada ńlá níwájú ilé yìí gan-an, níbi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí yẹn. Ẹni tó bá gbé ike wá, ó bù fún un. Àṣáńtì, Alata, Frafra, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n á ní, "Maame Alata, kí la máa fi san án?" Á ní, "Mu kókó ẹ, kó o sún fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ."

Ọmọkùnrin kan wà tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa. Kwabíná. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Gíga fíofío, ó ń tijú. Kò jẹ́ tò sórí ìlà. Á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa kàwé kí wọ́n má bàá mọ̀ pé ebi ń pa á. Ìyá mi á bu kókó, á bò ó, á gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, á kanlẹ̀kùn, á sì lọ. Mo ní, "Ẹ ṣe ń ṣe wàhálà? Kó jáde wá." Ìyá mi ní, "Sàfú, ẹni tójú ń tì lebi ń pa jù."

Àwọn ọdún yẹn kọjá. Òjò padà. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ abọ́ títà lákọ̀tun. Àwọn ológun wá ní kí ará ìlú dìbò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ti pa dé tún ṣí. Àwọn wo ló wọlé? Àfi bí àlá. Kwabíná wa! Kwabíná tó ń sá fún kókó! Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣòfin fún gbogbo Ghana.

Ó wá síbí. Ó wọ kóòtù, bàtà ẹ̀ ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní, "Maame, àwọn tó gba ìlú là nígbà ìyàn, ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti ní kí wọ́n fún mi láyè kí n dá àbá fún tiyín. Wọn á ka orúkọ yín sókè, gbogbo ilé á fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀." Ìyá mi ní, "Torí kókó?" Ó ní, "Torí kókó, Maame." Omi ń bọ̀ lójú ẹ̀.

Ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi Sálíù dé láti Ìlọrin. Kò wá ṣeré. Ìyá wa ló wá gbé. Ó ti kọ́ yàrá fún un ní Pàkátà, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ti gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó má bàá rìn jìnnà lọ ṣàlùwàlá. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ti dàgbà. Ilé làbọ̀ simi oko."

Ìyá mi ní, "Òótọ́ lo sọ. Èwo ni oko, èwo ni ilé?"

Sálíù ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n lé wa níbí. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé òkú yín sórí lọ́rì ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Mo fẹ́ kí ìyá mi dúró. Ta ni mo ní níbí? Mo kàn ń to abọ́, mo ń to abọ́ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi fa tẹ̀sùbáà ẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Sálíù, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ yìí máa pe orúkọ mi. Wọ́n á sọ ohun tí mo jẹ́ fún wọn. Bí wọ́n bá pè mí ní àlejò, kò burú, àlejò a máa relé. Màá bá ẹ lọ, màá sùn nínú yàrá tó o kọ́. Bí wọ́n bá pè mí ní ọmọ ilé, ibi tí bàbá yín wà ni màá wà." Sálíù ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ fún Kwabíná kó mọ ohun tó máa kọ." Ìyá mi wo èmi pẹ̀lú ẹ̀, ó ní, "Wállàhì, ẹnikẹ́ni nínú yín ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá bẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ohun tí a gbé lọ sí Accra nìyẹn. Kwabíná rò pé ọlá là ń lọ gbà. Kò mọ̀ pé ẹjọ́ la gbé wá.

A wọ bọ́ọ̀sì láti Kejetia. Lóde òní, ẹ máa wọ ọkọ̀ tó ní afẹ́fẹ́ tútù, ẹ máa sùn dé Accra. Àwa, eruku ni. Sálíù wọ agbádá tó fẹ̀ tó kún ìjókòó ẹ̀, ó ń yọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní òun mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí, ó ní ìjọba ò mọ orúkọ míì tó máa pe àwa ju àlejò lọ. Ìyá mi fi aṣọ funfun bo orí. A sùn lọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Nima, nígbà tó di àárọ̀, a lọ.

Sùbùhánálláhì.

Ẹ̀yin, ẹ ti rí i nínú fóònù kó tó di pé ẹ rí i lójú, gbogbo nǹkan ti sú yín wò. Èmi, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ilé náà ga, ó ga débi tí mo fi gbójú sókè tí ìborùn mi já bọ́. Àga àwọn aṣòfin kọjú síra, apá kan níhìn-ín, apá kan lọ́hùn-ún, tábìlì ńlá láàárín, wọn ò gbé nǹkan kan sórí ẹ̀. Àga kan wà lókè tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, gbogbo wọn sì ń bọ̀wọ̀ fún un! Èèyàn á wọlé, á kọjú sí àga tí kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀, á tẹrí ba, kó tó lọ jókòó. Mo ń wò wọ́n. Ẹni tó ró kẹ̀ńtẹ̀, á tẹrí ba. Ẹni tó wọ fúgù àwọn ará òkè, á tẹrí ba. Ẹni tó wọ kóòtù bíi ti òyìnbó, á tẹrí ba. Orí mi wú.

Wọ́n mú wa lọ sókè níbi tí àwọn tó wá wòran ń jókòó sí. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ojú ẹ̀ le, ó ka òfin fún wa. Má sọ̀rọ̀. Má pàtẹ́wọ́. Má nàka sí ẹnikẹ́ni. Má sùn. Ìyá mi ní, "Kí ló ń wí?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Bí ìgbà téèyàn wà lẹ́yìn lèmọ́mù." Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ gbọ́ o. Ohùn kan ké láti ìta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ilé dìde gìrì. Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́ mọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé, aṣọ dúdú lọ́rùn ẹ̀, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé ọ̀pá wúrà lé èjìká. Ẹyẹ idì wà lórí ọ̀pá náà, ó na ìyẹ́ ẹ̀. Kò yára, kò sì falẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni iná òkè ń kọ yẹ̀rì lára wúrà náà. Olórí ilé ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ nínú agbádá gígùn, àmọ́ ọ̀pá ló ṣíwájú. Ṣé ẹ gbọ́? Olórí gan-an, ẹ̀yìn ọ̀pá ló ń tọ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin yẹn ni wọ́n dìde fún. Nǹkan tó ju gbogbo wọn lọ ni, ìlú gan-an ló ń wọlé.

Kí ni ìyá mi ṣe? Gbogbo èèyàn wà lóòró. Ìyá mi kúnlẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, orúnkún méjèèjì lórí ilẹ̀, ó tẹrí ba, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ìlú." Sálíù náà, ọmọ Ìlọrin ni, kò mọ ìgbà tó lóṣòó. Agbádá ẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, fìlà nìkan ló kù lókè. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rò pé òòyì ló kọ́ ìyá mi, ó fẹ́ pariwo. Èmi wá dúró sáàárín, mi ò dìde tán, mi ò kúnlẹ̀ tán... Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Lọ́jọ́ yẹn, òógùn ni.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ òkè sáré dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí ìyá mi, ó ní, "Maame, sọ̀rẹ. Sọ̀rẹ!" Dìde, dìde. Àṣà ilé wọn ni kéèyàn dìde, ẹni tí kò bá dìde ló rí ilé fín. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ta ló máa dúró ṣanṣan nígbà tí ọlá bá ń kọjá? Ìyá mi gbójú sókè, ó dá a lóhùn ní Twi ẹ̀ tó ti dàpọ̀ mọ́ Yorùbá, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì kí i tán." Kò dìde títí wọ́n fi gbé ọ̀pá lé tábìlì.

Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mi ò rántí ọ̀kan nínú ẹ̀. Kwabíná wá dìde. Ó tẹrí ba, ó fọ gẹ̀ẹ́sì. Mo kàwé díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ó sọ nípa ìyàn, ó sọ nípa agbada níwájú ilé wa, ó sọ nípa kókó tí wọ́n ń gbé sẹ́nu ilẹ̀kùn ọmọ tójú ń tì. Ó wá ka àbá náà síta, pé kí ilé yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ Hájíà Ràbíátù, àlejò pàtàkì tó gbé láàárín wa ní Kumasi...

Mo yíjú sí ìyá mi.

Ìyá mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ó fẹnu kàn mí létí. "Sàfú, kí ló pè mí?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ parọ́. Kí ni ì bá ná mi? Ọ̀rọ̀ kan péré. Àmọ́ ẹ mọ ojú ìyá. Mo ní, "Ó ní... àlejò pàtàkì."

Ó ní, "Hẹ̀n." Ó kó tẹ̀sùbáà ẹ̀ sápò, ó tún ìborùn ẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Sálíù ní, "Àlùhàmúdù lílláhì," àmọ́ ojú ẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó ń yọ̀. Èmi ń wo ọwọ́ ìyá mi. Mo ti ń rí bí mo ṣe máa dá ṣílẹ̀kùn ilé lójoojúmọ́, tí mi ò ní gbọ́ ikọ́ ẹ̀.

Kwabíná kò mọ ohun tó ṣe. Inú dídùn ló fi kọ ọ́! Lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtì, àlejò ní ọlá, wọn kì í fi àlejò ṣeré. Ọ̀rọ̀ iyì ló rò pé òun lò.

Ìgbà yẹn ni bàbá kan dìde ní apá kejì. Ọmọ Kumasi níbí ni, àgbà, orí ẹ̀ ti funfun báláú, ó ró kẹ̀ńtẹ̀. Ó ti ń wo òkè wa látìgbà tí ọ̀pá ti wọlé, èmi rò pé ó ń bínú sí wa ni. Ó ní òun gba àbá ọmọ òun wọlé, ṣùgbọ́n òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbẹ̀. Olórí ilé fún un láyè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, kò pẹ́, Twi jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí ọ̀pá wọlé, gbogbo wa la dìde. Ẹnì kan kúnlẹ̀. Mo jókòó níbí, mo rí i. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Mo wá ń bi ara mi. Bí àlejò bá dé ilé wa, kí la máa ń ṣe fún un? A máa ń gbé àga fún un ni. A máa ń bu omi fún un. Àlejò kì í wólẹ̀ nílé onílé. Ta ló ń wólẹ̀? Ọmọ ilé ni. Ẹ wo ìyá yẹn lókè. Àlejò la pè é, ó sì ti kí wa bí ọmọ ilé ká tó la ẹnu. Mo ní kí ẹ yọ 'àlejò' kúrò. Ẹ fi 'ìyá wa, ọmọ Kumasi' síbẹ̀."

Kwabíná gbá orí mú. Ó dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn.

Olórí ilé wá dìde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ó ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn wí pé "Áì." Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn mi ilé tìtì. "Áì!" Ọ̀tún àti òsì, kẹ̀ńtẹ̀ àti kóòtù àti fúgù. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Àmọ́ kò tíì tán. Ó ní kí àwọn tí kò bá fara mọ́ ọn wí pé "Nóò."

Ó wá dákẹ́. Ó ń dúró. Gbogbo ilé ń dúró.

Ẹ mọ ohun tí mo ń dúró dè? Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ lọ́rì yẹn. Mo ń tẹ́tí sí i. Mo ní kò ní ṣàì sí níbì kan nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí, á dìde, á gbá tábìlì, á ní, "Ọ̀họ̀họ̀, máa lọ." Mo di apá ìyá mi mú. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń dúró dè?" Mo ní, "Wọ́n ń dúró de ẹni tó máa kọ̀ yín." Ó ní, "Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ìyá, kò sí."

Kò sí! Nínú ilé ńlá yẹn, láàárín gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ Ghana, ẹnì kan ò ya ẹnu. Olórí ilé ní "Áì" ló borí, ó jókòó. Wọ́n ní ká má pàtẹ́wọ́, a ò pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kàn gbé ọwọ́ lé àyà ẹ̀, ó mí kanlẹ̀, omi ń dà lójú ẹ̀ láìsí ohùn. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá wa kú.

Kí lo wí, Asíà? Ṣé wọ́n fún un lówó? Ẹ ò rí ọmọ ayé òde òní! Wọn ò fún un lówó. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sínú férémù, òun ló wà lórí ògiri yẹn, ẹ̀yin ni ẹ ò kà á rí. Òun fúnra ẹ̀ ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti fetí òun gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n parí, ohùn yẹn tún ké. Gbogbo ilé dìde. Ọkùnrin ọlọ́wọ́ funfun gbé ọ̀pá lé èjìká, ó ń jáde lọ. Ìyá mi tún fẹ́ kúnlẹ̀, àmọ́ ó ti jókòó pẹ́, orúnkún ẹ̀ ti gan. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ òkè yẹn, ọlọ́jú líle, ó tún ń bọ̀. Mo ní ó tún dé. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi ọwọ́ sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e dìde ni. Rárá o. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí orúnkún ẹ̀ fi kanlẹ̀. Ó wá dúró tì í títí ọ̀pá fi jáde.

A padà dé Kumasi. Nínú yàrá yìí ni Sálíù ti wá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ ti gbà yín. Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni? Ta ló máa sùn nínú yàrá tí mo kọ́?" Àgbà ọkùnrin, áfà, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Inú mi tó ń dùn látàárọ̀ wá bà jẹ́, torí òótọ́ ló ń sọ.

Ìyá mi fà á mọ́ra. Ó ní, "Sálíù, inú yàrá yìí ni mo bí ẹ sí. Níbi tó o jókòó sí yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Àṣáńtì àdúgbò yìí ló gé ìwọ́ ẹ. Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ ni àlejò?"

Sálíù padà sí Ìlọrin lóun nìkan. Àmọ́ lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wá sí Tafo, ó ń ṣàdúà fún bàbá wa. Nígbà tí ìyá wa lọ, òun ló kírun sí i lára, òun ló sọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ti dé." Ó ti pẹ́. Sálíù náà ti lọ. Kwabíná ti lọ.

Ẹ̀yin wá jókòó síwájú mi, ìwé ìrìnnà Ghana wà lápò yín, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa ń bínú bí ẹnìkan bá pè yín ní Alata ní ilé ìwé. Kò burú, ẹ bínú. Àmọ́ ta lẹ ń kí? Ẹ ń kọjá lára àgbà pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Ẹ ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ pè yín lọ́mọ. Ìyá mi ò dúró. Ó kúnlẹ̀ nígbà tí orúkọ ẹ̀ ṣì ń jẹ́ àlejò nínú ìwé tí Kwabíná mú lọ́wọ́. Ká ní ó ti dúró kí wọ́n pè é lọ́mọ kó tó kí wọn bí ọmọ, Ìlọrin ni ẹ̀ bá ti máa lọ wá sàréè ẹ̀.

Háà. Ayé ti yí...

Ó dáa, ẹ gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ṣé wọ́n ti ṣe tán? Wọ́n ti ń dìde, àbí? Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀pá jáde. Asíà, dìde, wá síbí. Fi ọwọ́ sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Rárá, kì í ṣe kó o fà mí dìde. Rọra sọ̀ mí kalẹ̀.